Wọ́n ń sanwó fún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ pé kó dúró, iná sì tún wọ́n: ta ló ń jẹ owó náà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Leeds ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, òru ni wọ́n sì sábà máa ń fi mí sí. Mo gbọ́ lórí rédíò pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gan-an ní Scotland, wọ́n máa ń sanwó fún àwọn tó ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ pé kí wọ́n pa á. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bílì tèmi tún lé sí i. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa ní olè pọ́ńbélé ni. Ẹlòmíì ní kí n kó lọ sórí ètò tí owó iná ti ń yí padà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pé ibẹ̀ ni èrè wà. Mi ò ní mọ́tò oníná, mi ò ní sólà, ilé onílé ni mo wà. Kí ni kí n ṣe? Ta ló tiẹ̀ ń jẹ owó yìí?

———

ÈSÌ

Òótọ́ ni pé wọ́n ń sanwó fún wọn kí wọ́n dúró. Ìjọba kọ́ ló ń san án o, àwa tí à ń san bílì ni. NESO, àjọ tó ń darí iná ní England, Scotland àti Wales, ló ń san án jáde. Á gbà á padà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná fún wa, àwọn náà á wá gbà á lọ́wọ́ wa.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ọjà kan ni wọ́n ń ná, iye kan ni. Ẹni tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ní òkè Scotland lè ta iná fún ilé-iṣẹ́ kan ní London lónìí, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ọ̀nà wo ni iná náà máa gbà débẹ̀. Ọ̀nà yẹn sì há. Ibi tí wáyà ti kọjá láti Scotland bọ́ sí England, tí àwọn òṣìṣẹ́ iná ń pè ní B6, gígáwáàtì 6 sí 7 ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Tí ìjì bá ń jà, iná tí wọ́n ti tà á ju èyí tí wáyà lè gbé. Ọ̀rọ̀ tòmátì ni: ó ń jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, ó ń di góòlù ní Mile 12, torí tírélà há sọ́nà. Àmọ́ alátòmátì ló ń jẹ gbèsè tirẹ̀. Ẹni tó ta iná, owó rẹ̀ ti wọlé.

Ohun méjì ni NESO wá gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Á ní kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wà lókè B6 dín kù, á sanwó. Á tún ní kí ibùdó amúnáwá onígáàsì kan ní gúúsù England mú iná sí i, torí London ṣì ń retí iná tó rà, á tún sanwó. Owó kejì yìí ni àwọn oníròyìn kì í sábà dárúkọ, òun ló sì tóbi jù. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ó ti kọjá bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ́dún. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni tó ń jẹ owó, ẹ má wo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nìkan. Ẹ wo gáàsì.

Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi ń gbowó tó bá dúró? Àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn wà lórí ètò àtijọ́ kan tó ń fún wọn ní owó ìrànwọ́ lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú jáde. Tí wọ́n bá dúró, owó ìrànwọ́ náà lọ. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí wọ́n dí àlàfo yẹn fún wọn.

———

Èrò ti ya bo ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti dáhùn. Ọ̀nà mẹ́rin ni ohun tí ẹ ń sọ pín sí, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ bà wọ́n.

Àwọn kan ní olè ni, ó tán. Mo gbà fún wọn díẹ̀. Òfin wà tó ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá kò gbọdọ̀ fi ìhámọ́ wáyà bu owó gọbọi lé NESO lórí, Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì, sì ti mú ju ẹyọ kan lọ nínú wọn pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n san mílíọ̀nù lórí mílíọ̀nù. Àmọ́ tí ẹ bá mú gbogbo olè kúrò, ìyókù owó náà ṣì wà níbẹ̀, torí ètò ọjà fúnra rẹ̀ ló ń bí i.

Àwọn kejì ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dúró títí wáyà á fi dé. Mi ò gbà rárá. Ṣé ẹ ti gbàgbé 2022 ni? Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, gáàsì fò, iye tí Ofgem kéde fún ilé kan ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn jẹ́ £3,549 lọ́dún, kí ìjọba tó fi owó àpapọ̀ dì í mú ní £2,500. Ẹ ò lè sọ pé gáàsì ló ń pa yín kí ẹ tún ní kí wọ́n dá ohun tó ń gbà yín lọ́wọ́ gáàsì dúró.

Àwọn kẹta ní kí wọ́n ṣáà fa wáyà. Wọ́n ń fà á. Okùn ńlá méjì ń bọ̀ lábẹ́ òkun, gígáwáàtì 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti Torness lọ sí Durham, ọ̀kan láti Peterhead lọ sí Drax ní Yorkshire. 2029 ni wọ́n fi àkókò wọn sí. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ti kọ́ kún un kó tó di ìgbà yẹn kò ní kéré. Àti pé ta ló máa fa wáyà tó tó gbé ìjì tó le jù lọ lọ́dún, kó wá dùbúlẹ̀ lásán ní ìyókù ọdún? Èmi àti ẹ̀yin náà la máa san ìyẹn.

Àwọn kẹrin ní kí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà gidi wà.

———

Oṣù Keje 2022 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọjà iná tí wọ́n pè ní REMA. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fà á. Octopus Energy, tó ń ta iná fún ilé, wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n pín ọjà sí agbègbè, SSE àti ScottishPower, tí wọ́n ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, wà lára àwọn tó ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 10, oṣù Keje, 2025, ìjọba dájọ́: iye kan ṣoṣo ni ọjà máa wà lé lórí, wọ́n á kàn tún un ṣe.

Inú mi ò dùn sí ìdájọ́ náà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ látinú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bátìrì ńláńlá la ń bójú tó níbi iṣẹ́ mi, àwọn tó tò bí kọ̀ntẹ́nà ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó wáyà. Bátìrì á ra iná nígbà tó bá pọ̀, á tà á nígbà tó bá wọ́n. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé ń dáná, iye ọjà á gòkè káàkiri. Iye tí bátìrì tó wà ní Scotland ń rí lójú ẹ̀rọ náà ni ti Kent ní gúúsù England ń rí. Ni ti Scotland á bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú iná sílẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tí iná ti kún ẹ̀yìn B6 débi pé wọ́n ń pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Kò rú òfin kankan. Iye tó wà níwájú rẹ̀ ló ní kó tú u. NESO á wá sanwó fún un pé kó dákẹ́.

Wáyà abẹ́ òkun tó so wá mọ́ Faransé náà ń ṣe ohun kan náà. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ní Scotland, iye ọjà á wálẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yìí, àwọn oníṣòwò á sì rò pé iná pọ̀ ní gúúsù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tà á gba abẹ́ òkun lọ. Bẹ́ẹ̀ gúúsù gan-an ni iná ti ń wọ́n. NESO á tún náwó láti dá a padà. Mo ti jókòó lálẹ́ tí mo ń wo èyí lójú ẹ̀rọ, ó máa ń dùn mí: ẹ̀rọ dáa, afẹ́fẹ́ dáa, àwọn èèyàn mọṣẹ́, iye tí a kọ sára ọjà ló ń parọ́ fún gbogbo wọn.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu o. Èyí tó lágbára jù níbẹ̀ ni ti èlé. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kì í ra epo. Gbogbo owó rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ná an, owó yíyá sì ni. Tí báńkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé iye Scotland lè já wálẹ̀ sí òfo, wọ́n á fi kún èlé. Èlé tó fi díẹ̀ péré lé lè jẹ èrè tí ètò agbègbè fẹ́ mú wá tán. Mi ò lè fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Wọ́n tún sọ pé owó ìlò wáyà tí àwọn amúnáwá ń san ti yàtọ̀ láti ibìkan sí ibìkan tẹ́lẹ̀, pé òkè Scotland ló ń san púpọ̀ jù. Òótọ́ ni. Àmọ́ owó yẹn ń sọ ibi tó yẹ kí èèyàn kọ́ ilé-iṣẹ́ sí, kò sọ ohun tó yẹ kó ṣe ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní.

Ẹnìkan ní kò bójú mu kí ará London máa san ju ará Glasgow lọ. Ẹ wo bílì yín. Owó tí ẹ ń san lójúmọ́ kí ẹ tó tan iná rárá ti yàtọ̀ láti agbègbè sí agbègbè. Ohun tí à ń gbà lọ́wọ́ ará Scotland ni àǹfààní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

———

Kúkúrú ni mo fẹ́ fi dáhùn ẹni tó ní, "Tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ló dé tí à ń san owó gáàsì?"

Nínú ọjà iná, ẹni tí wọ́n pè kẹ́yìn láti dí àìtó ló ń pinnu iye tí gbogbo wọn máa gbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gáàsì ni ẹni ìkẹyìn yẹn níbí. Àmọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tuntun kì í kó gbogbo rẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n wà lórí àdéhùn tó ti la iye kan sílẹ̀: tí ọjà bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn, wọ́n á fi kún un fún wọn, tí ọjà bá ga jù ú, wọ́n á dá ìyókù padà. Nígbà tí gáàsì fò, àwọn kan dá owó padà lóòótọ́. Àwọn tó wọ ètò yẹn láti 2022 kì í sì í gba àfikún kankan ní wákàtì tí iye ọjà bá ti lọ sísàlẹ̀ òfo, nítorí náà wọ́n á pa ẹ̀rọ wọn fúnra wọn. Jámánì jẹ ìyà èyí kó tó kọ́gbọ́n: ní 2024, wákàtì 457 ni iye iná wọn fi wà lábẹ́ òfo, torí sólà orí òrùlé ń tú iná jáde láìwo ọjà, owó rẹ̀ ò kúkú yí padà. Oṣù Kejì 2025 ni wọ́n tó ṣòfin pé sólà tuntun ò ní gba owó ní irú wákàtì bẹ́ẹ̀.

———

"Flexibility tí ẹ ń sọ yìí, pé ká máa sún àsìkò tí à ń lo iná, ṣé kì í ṣe pé kí tálákà máa fọṣọ lóru ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lára, torí òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà òtútù 2022 sí 2023, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tó ń sanwó fún ilé tó bá dín iná kù ní wákàtì tí wọ́n bá dá. Ọjọ́ 23, oṣù Kìíní, 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó lójú méjèèjì, láàrin aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nígbà ìdánwò rẹ̀, iye tí wọ́n ṣèlérí fún ilé-iṣẹ́ jẹ́ £3 lórí yúnìtì kan, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì fún oníbàárà rẹ̀ ní èyí tó bá wù ú nínú rẹ̀. Ilé àti ilé-iṣẹ́ tó dara pọ̀ ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Ó wú mi lórí. Gbogbo ọjọ́ ayé ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé aráàlú ò lè yí ìwà padà nítorí iná, aráàlú sì yí i padà.

Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Wọ́n á wo ohun tí ẹ máa ń lò ní irú wákàtì bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á yọ ohun tí ẹ lò lónìí kúrò níbẹ̀, ìyàtọ̀ náà ni wọ́n á sanwó lé lórí. Ìyá tó ti pa híítà tẹ́lẹ̀ nítorí àìlówó, tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn ọmọ, kí ló fẹ́ yọ kúrò? Ẹni tó ń gbóná jaburata nínú ilé oníyàrá márùn-ún ló ní ohun tó máa dín. Mo ti sọ èyí níbi ìpàdé iṣẹ́, ẹnìkan dá mi lóhùn pé ètò ọjà kì í ṣe ètò àánú. Mi ò bá a gbà. Ọjà tó bá ń sanwó fún àpọ̀jù nìkan, àpọ̀jù ló ń kọ́ àwọn èèyàn.

Ẹ tún wo ìwọ̀n nǹkan wọ̀nyí. Mọ́tò oníná ń fa kílówáàtì 7 láti ara ògiri ilé, wákàtì mélòó kan lóru, kò sì kan ẹni tó ni ín bóyá aago mọ́kànlá ni tàbí aago mẹ́ta, ṣáà jẹ́ kó kún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyẹn ni iná tó ṣeé sún. Fíríìsà ńlá tó wà nínú gáréèjì tiwa, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá níbí, tó kún fún ẹran ewúrẹ́ àti panla, èèyàn lè pa á fún wákàtì méjì kó má sì sí ẹyọ ẹran kan tó yọ́, tí wọn ò bá ṣáà ṣí i. Ìyẹn náà ṣeé sún, àmọ́ iná tó ń jẹ kéré. Ọbẹ̀ tí ọmọ máa jẹ tó bá ti ilé ìwé dé kò ṣeé sún rárá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ ìfọṣọ yín dá yín lẹ́bi. Mọ́tò, ìgbóná ilé àti ilé-iṣẹ́ ńlá ni ìṣírò yìí ń wá.

———

Ẹ̀gbọ́n kan láti Houston wọlé, ó ní kí a má gbàgbé Texas. Ó dáa tó sọ ọ́.

Oṣù Kejì 2021, yìnyín bo gbogbo Texas. Kànga gáàsì dì, ibùdó amúnáwá dì, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mìíràn náà dì, àmọ́ gáàsì ni èyí tó sọnù jù lọ. Àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà pé ó kú jẹ́ 246. Ètò ọjà wọn ni pé tí iná bá wọ́n kí iye fò, kí ẹni tó lè mú iná wá bàa sáré mú un wá. Iye fò dé $9,000 lórí mégáwáàtì wákàtì kan, ìyẹn $9 lórí yúnìtì kan, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ta ló fẹ́ sáré mú iná wá nígbà tí ẹ̀rọ ti dì? Àwọn ilé tó wà lọ́dọ̀ Griddy, tó ń ta iná fún wọn ní iye ọjà gan-an, rí bílì ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti ṣòfin pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ilé gbígbé mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: kí iye máa sọ òótọ́ fún ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i. Ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan, kí òrùlé wà lórí ohun tó máa san, ìyẹn iye tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ètò Agile ti Octopus níbí, tí owó rẹ̀ ń yí padà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní òrùlé, pẹ́ẹ̀nì 100 lórí yúnìtì kan.

———

Ẹnìkan ní bátìrì ló máa yanjú gbogbo rẹ̀, ká dákẹ́ ariwo ọjà. Iṣẹ́ bátìrì ni mò ń ṣe, mi ò sì gbà.

Bátìrì mọ bí wọ́n ṣe ń sáré. Ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, 2019, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mànàmáná gidi ti ojú ọ̀run sán bá wáyà, ibùdó afẹ́fẹ́ Hornsea àti ibùdó gáàsì Little Barford já kúrò lórí gíríìdì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná wa gbọ́dọ̀ máa lù ní 50 Hertz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó já dé 48.8, ẹ̀rọ sì fúnra rẹ̀ yọ bíi mílíọ̀nù kan oníbàárà kúrò kí ìyókù má bàa wó. Kò tó wákàtì kan tí iná fi padà, àmọ́ àwọn rélùwéè kan há sójú irin títí di alẹ́, torí irú wọn kan ò lè tan padà àfi tí òṣìṣẹ́ bá gbé kọ̀ǹpútà wá bá wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2020 ni wọ́n dá ọjà tuntun sílẹ̀ fún ẹni tó lè dáhùn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bátìrì rọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n pọ̀ débi pé iye ọjà náà já.

Àwọn àgbà wà nídìí iṣẹ́ yìí kó tó di pé a dé. Dinorwig, ibùdó amúnáwá olómi tó wà nínú ikùn òkè kan ní Wales láti 1984, ń fi iná òru fa omi sókè, á tú u sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é: tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti ń yí sílẹ̀, láti òfo dé mégáwáàtì 1,320 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 12.

Ohun tó ń bí wa nínú nídìí iṣẹ́ bátìrì ni pé fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń fò wá kọjá. Bátìrì wà níbẹ̀, iye tó ń bèèrè kéré ju ti gáàsì, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ń darí iná gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yá a lára láti pe ibùdó gáàsì kan tó tóbi ju kó máa pe ogún bátìrì. Oṣù Kejìlá 2023 ni àjọ tó wá di NESO gbé ẹ̀rọ tuntun jáde tó lè pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ wọn pa pọ̀. Ó ti sàn. Ẹ rí i pé kì í ṣe irin la ò ní. Ọ̀nà tí a fi ń pe irin náà ni kò dáa.

Níbi tí bátìrì kò ti lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, tí òtútù mú, lọ́sàn-án lóru. Ọjọ́ 8, oṣù Kìíní, 2025, ó há débi pé ibùdó gáàsì kan gba £5,000 lórí mégáwáàtì wákàtì kan. Bátìrì wákàtì méjì, kí ló fẹ́ ṣe sí òtútù ọ̀sẹ̀ kan? Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe gbàǹjo lọ́dọọdún, tí wọ́n ń sanwó fún àwọn ibùdó kan kí wọ́n kàn ṣáà wà nílẹ̀. Gáàsì ló ń kó púpọ̀ nínú owó yẹn. Mo fara mọ́ ọn fún báyìí, torí mi ò rí ohun mìíràn tó ti wà nílẹ̀ tó máa fún wa ní iná lọ́jọ́ yẹn.

———

Láti Ìbàdàn: "Ẹ̀yin tí iná pọ̀ jù fún ń ṣàròyé. Àwa ńkọ́?"

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, 2024, wọ́n gbé iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná púpọ̀ jù fún lójúmọ́, láti bíi ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Iye náà kò yí padà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ mọ iná sún jù ní gbogbo ayé: ẹ̀yin tí ẹ ń lọ aṣọ nígbà tí iná bá dé, tí ẹ ń fa omi sí táǹkì kó tó lọ, tí ẹ ń gba iná sínú inverter. Inú yín ni òye yìí wà, kò sí ọjà tó ń sanwó fún yín lórí rẹ̀. Ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀, bátìrì inverter á ti kún, sólà orí òrùlé á máa ṣòfò. Aago mẹ́jọ alẹ́, gíríìdì á máa jẹ́ aláìní. Lára ìdí tí gíríìdì yẹn náà fi máa ń wó ni pé kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún dáadáa kó dúró ní sẹpẹ́, kó lè fi ìwọ̀nba agbára pamọ́ de ìgbà tí ẹlòmíì bá já.

Òfin iná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọjà tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso ní 2024. Tí ẹ bá ní ẹnìkan nílé-iṣẹ́ tó ń kọ ìlànà fún ìpínlẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún un: kí iye ọ̀sán yàtọ̀ sí ti alẹ́ láti ọjọ́ kìíní, kí onísólà lè tà lálẹ́, kí òrùlé sì wà lórí iye tí ẹni tó ní gílóòbù mẹ́ta àti fáànù máa san. Ó rọrùn láti kọ ọ́ nísinsìnyí tí ìwé ṣì ṣófo. Ìlú Ọba ń jà láti yí tirẹ̀ padà, ẹni tó ń jèrè nínú ti tẹ́lẹ̀ kò gbà.

———

Àbúrò mi ní Leeds, ẹ ti ṣe sùúrù.

Ẹ má lọ sórí ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lórí rẹ̀, aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́ ni owó máa ń wọ́n jù, ẹni tó bá sì ń lọ síṣẹ́ òru, àsìkò yẹn gan-an ló máa ń dáná, tó ń wẹ̀, tó ń lọ aṣọ iṣẹ́. Ẹ ò ní mọ́tò tí ẹ máa fi òru gba iná sí. Ẹni tó ní kí ẹ lọ síbẹ̀ lè ní tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń gbóná ilé yín. Tó bá jẹ́ àwọn híítà wúwo tó ń gba ooru lóru tó ń tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án, a jẹ́ pé ètò owó méjì ló yẹ yín, irú tó ti wà láti 1978, wákàtì méje òru ní ẹ̀dínwó. Ó sì bá iṣẹ́ yín mu, torí ọ̀sán lẹ máa ń sùn nílé, ooru náà ń jáde nígbà yẹn. Àmọ́ ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mítà yín kí ẹ wò ó. Tí ẹ bá rí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà tí wọ́n kọ "Radio Teleswitch" sí, ìgbì rédíò BBC ló ń sọ fún un ìgbà tí owó òru bẹ̀rẹ̀, láti ọgbọ̀n oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìgbì yẹn ní agbègbè kan tẹ̀ lé òmíràn. Àpótí tí ìgbì rẹ̀ kú lè fi híítà yín sílẹ̀ ní títàn tàbí ní pípa, tàbí kó máa gba iná ní wákàtì tó wọ́n. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kí wọ́n wá pààrọ̀ rẹ̀ sí smart meter. Ọ̀fẹ́ ni. Bí onílé bá ń jiyàn, ẹ sọ fún un pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí bílì ló ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè.

Tí wọ́n bá fún yín ní iye wọn, ẹ kọ ọ́ síbí: ti ọ̀sán, ti òru, àti owó ojúmọ́. Màá bá yín ṣírò rẹ̀.